Ibi tí Ẹní Àtọ́kẹ́ Bò

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé ni Matthew Morákinyọ̀ tó wo ọkọ̀ ìjọba dáadáa láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Adéjàre, ọ̀gá àwọn tó ń wọn omi odò, ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì, ó fẹ́ yẹ ọkọ̀ náà wò. Matthew ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sápò, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà. Ike ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe igi. Lọ́dún 1962 tí wọ́n gbé e wá sí Òkukù, pupa fòò ni, àwọn ọmọdé sì tẹ̀ lé e láti ibùdókọ̀ títí dé ilé Matthew. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wa ọkọ̀ náà lọ sáàárín odò Ọ̀tìn nígbà òjò, níbi tí wọ́n ri igi ìwọ̀n mọ́, kó wo ibi tí omi dé, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn débẹ̀, omi kì í ju orúnkún lọ. Òfin kan péré ni wọ́n fún un lórí ọkọ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: kó máa wà lábẹ́ ibòòji nígbà gbogbo.

Kò wà lábẹ́ ibòòji lọ́jọ́ kan rí. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó dojú dé lórí òpó igi méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, nínú oòrùn gangan. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Ewúrẹ́ àdúgbò kò jẹ́ kó rí ibi sá gbodo sí, bó bá ti tẹ́ iṣu náà sílẹ̀ báyìí, wọ́n ti dé. Ó wo ọkọ̀ tó dojú dé lókè yẹn, ó mú ẹní rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí i nídìí, ó so ó mọ́lẹ̀, ó sì da iṣu lé e.

"Ọkọ̀ ìjọba nìyẹn o," ni Matthew wí. "Wọ́n ní kó máa wà ní ibòòji."

"Kí ló fẹ́ máa ṣe ní ibòòji, Baba Rẹ̀mí? Ṣé ó lóyún ni?"

Matthew bínú títí, kò sì gbé ọkọ̀ náà kúrò. Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọba, a kì í ṣe é ká làágùn. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ẹní gorí ọkọ̀, gbodo gorí ẹní, Matthew á sì tún kùn díẹ̀ kí ẹnu má baà ya Àtọ́kẹ́.

Ibà ọjọ́ mẹ́fà ló pa Àtọ́kẹ́, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1965. Ẹní rẹ̀ ṣì wà lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Òjò ọdún yẹn kò pọ̀, Matthew sì ń lúwẹ̀ẹ́ débi igi ìwọ̀n, kó má baà fọwọ́ kan ẹní náà. Kì í ṣe pé ó ní ohun kan lọ́kàn. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ọmọ mẹ́ta ń wojú rẹ̀, nǹkan tí yóò gbé kúrò nílẹ̀ pọ̀ ju ẹní lọ.

Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ló tó fà á. Ẹní ti jẹrà, ó ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ náà ti ṣá pátápátá, ó ti funfun bí ètè ẹni tó gbààwẹ̀, bí èèyàn bá sì fọwọ́ kàn án, ẹfun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Àmọ́ níbi tí ẹní bò, ó ṣì pọ́n bí ọjọ́ tó dé. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹní náà hàn, wajawaja etí rẹ̀ hàn, kódà ibi tí okùn gbà kọjá hàn.

Ká sọ òótọ́, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ba Matthew. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò mọ̀ pé ẹní ni, pé wọ́n ti sọ ọkọ̀ ìjọba di ibi tí wọ́n ń sá gbodo sí. Wọn á lé e lẹ́nu iṣẹ́, ìbàdí rẹ̀ tó ti ń dùn ún tipẹ́ kò sì lè jẹ́ kó padà sóko mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rù ló tó rántí Àtọ́kẹ́. Ó jókòó sórí odó tó dojú dé, ó ń wo pupa yẹn. Kò sí fọ́tò ìyàwó rẹ̀ kankan nínú ilé.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìkìrun, sọ́dọ̀ Ọláwuyì tó ń kun pákó lọ́rì lọ́dà. Àwọn méjèèjì jọ lọ sílé ìwé ni.

"Ọ̀dà kì í di ike mú," ni Ọláwuyì wí. "Bó o bá kùn ún lónìí, lọ́túnla á máa bó bí awọ ejò. Ṣó o rí ohun tó ṣá yẹn, ojú lásán ni. Ra sáńpépà tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, fi omi sí i, ha á. Bó bá gbẹ, fi àdín pa á. Á pọ́n padà."

"Gbogbo ẹ̀ á wá rí bákan náà?"

"Bákan náà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan fìgbà kan bò ó."

Ohun tí Matthew wá gbọ́ nìyẹn, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó dúpẹ́, ó ra sáńpépà, ó sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Inisa lójú ọ̀nà láti ra àdín lọ́wọ́ Ìyá Àmọ̀kẹ́, tó bí Àtọ́kẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí ló fẹ́ fi àdín ṣe, ṣé ara ẹnì kan ń gbóná ni. Matthew kò mọ irọ́ pa fún wọn, ó ro gbogbo rẹ̀.

"Èmi ni mo hun ẹní yẹn fún un," ni Ìyá wí, "nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ṣé o ní ó hàn níbẹ̀?"

"Ó hàn, Mà. Bí ìgbà tí wọ́n ya á."

"Màá wá wò ó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Ẹ máa rí i, Mà," ni Matthew wí. Ọjọ́ Ẹtì sì ni ọ̀gá ń bọ̀. Ìyá kò gbowó àdín.

Ọjọ́rú ló bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Imú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó tún lọ síbi ìdí rẹ̀, ó ń sá fún àárín. Ọ̀rọ̀ Ọláwuyì ṣẹ: ẹfun ń ṣàn lọ, pupa ń yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Ní Ọjọ́bọ̀, kò sí ibi tó kù láti sá sí. Kò tilẹ̀ ha orí àmì ẹní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ha. Àmọ́ bí ẹ̀gbẹ́ ṣe ń pọ́n ni ẹní ń lọ. Igun kan lọ. Igun kejì lọ. Ó rántí gbogbo ìjà tó bá Àtọ́kẹ́ jà lórí ẹní yìí, ó sì wù ú kó tún jáde wá bú òun. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, igun kan péré ló kù, ní ìhà ògiri, kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Matthew gbé sáńpépà sókè, apá rẹ̀ kọ̀. Ó ní òun á parí ẹ̀ láàárọ̀. Ó fi àdín pa ìyókù, ó sì lọ sùn láìjẹun.

Wọn ò tíì jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Adéjàre fi dé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, kò tilẹ̀ wo àwọ̀ ọkọ̀. Ó fi ìka kàn án, kó, kó, kó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, ìdí ọkọ̀ sì là pẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyí, Bàbá. Oòrùn ti jẹ ẹ́ dénú. A ti kọ wọ́n dànù láti oṣù kẹta sẹ́yìn, ẹ kàn máa buwọ́ lùwé fún mi ni. Okùn irin la máa nà kọjá odò, òun lẹ ó máa dì mú lọ síbi igi ìwọ̀n."

"Iṣẹ́ mi ńkọ́, sà?"

"Kí ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ yín?" Ó fi ìka kan àdín, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ẹ ti ṣe wàhálà o, Bàbá. Ẹ ò bá má ti da ara yín láàmú. Ẹ máa mú un, ó ti di tiyín."

Matthew buwọ́ lùwé. Nígbà tí mọ́tò lọ tán, ó padà sórí odó, ó sunkún bí ọmọdé, kò sì bìkítà bóyá aládùúgbò ń gbọ́. Kò sunkún báyìí lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ìyá Àmọ̀kẹ́ dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí wọ́n ti wí. Matthew kò lè wo ojú wọn. Ó mú wọn lọ síhà ògiri, ó nawọ́ sí igun tó kù. "Ìyẹn ni mo rí fi sílẹ̀, Mà. Kì í ṣe ọgbọ́n. Apá mi ló rẹ̀ mí."

Ìyá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ wajawaja náà, díẹ̀díẹ̀, títí ìka wọn fi dúró níbì kan tó nípọn ju ìyókù lọ.

"Ibi tí mo so ó sí rèé," ni wọ́n wí. "Ibi tí mo hun ún parí sí."

Lẹ́yìn náà Matthew di imú ọkọ̀ mú, ó ké sí Rẹ̀mí kó wá di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n gbé e wọ yàrá tó wà lẹ́yìn, èyí tí kò ní fèrèsé, wọ́n sì fi í ti ògiri. Ó wà lábẹ́ ibòòji nígbà gbogbo láti ọjọ́ náà, bí ìjọba ti wí.