Kábéèjì Kaspar àti Ìjọba Tuntun

Orysia Danyluk kò fẹ́ kí ìlú Lorne ní Kánádà ní ìjọba tirẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, bàbá rẹ̀ wà nínú wọn, ti pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè yẹn, inú ọgbà ìpamọ́ ẹranko ìjọba ni ìlú náà wà. Ìjọba ló ni ilẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ló lè gbé ibẹ̀, ọ̀gá ọgbà tí wọ́n sì rán wá láti Ọ́táwà ló ń pàṣẹ fún ẹranko àti ènìyàn. Kódà, ẹni tó bá fẹ́ kun ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dà, àfi kó tọrọ àyè.

Kaspar Amacher, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ará Switzerland tó máa ń mú àlejò gun òkè láyé ọjọ́un, ló ṣáájú àwọn tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ pé àgbàlagbà kì í tọrọ àyè kó tó fọ ojú rẹ̀. Orysia, tó ni ilé ìfọṣọ, a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà dá a lóhùn pé ọ̀gá tó ti òkèèrè wá kò bá ẹnikẹ́ni jà lánàá, ṣùgbọ́n aládùúgbò tó bá dépò àṣẹ kì í gbàgbé ìjà. Iyàn yìí ni wọ́n jà títí yìnyín fi yọ́.

Nígbà tí wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ́ Kaspar borí. Ó wá ku kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn obìnrin tó ń bá Orysia ṣiṣẹ́ ní ẹni tó mọ iyàn jà tó báyìí, inú ìgbìmọ̀ ló yẹ kó ti máa jà á. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ó wọlé. Kaspar náà díje, kò wọlé.

Ó dun Kaspar díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òmìnira ṣáà ti dé. Nígbà tí àwọn àgbọ̀nrín ńlá orí òkè sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n jẹ kábéèjì rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó fi wáyà ṣe ọgbà tó ga jù ú lọ. Kò pẹ́ tí akọ àgbọ̀nrín kan fi ìwo kọ́ wáyà náà. Ó jà títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ọrùn rẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko tó gé wáyà náà láti tú u sílẹ̀.

Ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀. Orysia ló ní kí wọ́n wó wáyà náà, àwọn yòókù sì fara mọ́ ọn.

Kaspar dìde. “Orysia, ìwọ tó ò fẹ́ ìjọba yìí, ìwọ lo wá ń fi jẹ mí níyà?”

“Ìwọ lo pè mí wá síbẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́ sí ilé ìfọṣọ mi ni.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kaspar náà fẹ́ rín, ó mú un mọ́ra.

“Ọ̀gá ọgbà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo gbin nǹkan kan.”

“Èmi mọ̀. Mo ti jẹ nínú ẹ̀, ó dùn. Àgbàlá wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ mi, ògiri yí i ká, ooru ẹ̀rọ sì ń mú ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Wá gbin kábéèjì ẹ síbẹ̀, jọ̀ọ́.”

Kaspar lọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbé ọkọ́ rẹ̀ dé. Àwọn méjèèjì jọ wú ilẹ̀ ni. Kábéèjì náà tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, Orysia sì ń fi ewé rẹ̀ wé ìrẹsì àti ẹran bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti ń jẹun, Kaspar á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbìmọ̀ sílẹ̀: wọn ò tètè kó yìnyín ojú ọ̀nà, iná òpópó kò mọ́lẹ̀ tó. Orysia á bu oúnjẹ kún tirẹ̀, á sì já a nírọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí ara ti tu Kaspar tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.