Kásẹ́ẹ̀tì Oko Àyànlọ́wọ̀

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, ṣùgbọ́n Lydia ò fọwọ́ kan ẹ̀bà rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Elisha Ògúndípẹ̀, ni bàbá ìjọ ní Ajue, òun náà sì ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé lẹ́yìn ìsìn òní, àwọn yóò dá ẹjọ́ Àyànlọ́wọ̀, àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ wọn. Bí ẹjọ́ náà bá lọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri láti ọjọ́ mẹ́ta, kí oòrùn tó wọ̀, Àyànlọ́wọ̀ á ti kó ẹrù kúrò nídìí kòkó tó ti ń tọ́jú láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kí ló ṣe? Wọ́n ní ó ń sin ẹ̀mí burúkú lóko. Wọ́n ní àwọn fi etí ara àwọn gbọ́ ohùn ẹ̀mí náà nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Lydia ló sì ni ohùn yẹn.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Fẹ́mi, tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ní ọ̀rẹ́ kan ní Sweden tí wọn ò rí ara wọn rí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan, kásẹ́ẹ̀tì kan bá lẹ́tà wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ore. Yéè! Orin wo nìyí? Gìtá ń han bí ẹ̀rọ ìlagi, ẹni tó ń kọrin ò sì kọrin rárá, bíbú ló ń bú ramúramù. Fẹ́mi ní dẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlì, ìyẹn orin ikú, ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbà á sílẹ̀ fúnra wọn, wọn kì í dúró de ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kankan. Saheed ọ̀rẹ́ wọn, tó ń lẹ táyà ní gáréèjì Ore, di etí rẹ̀ méjèèjì. Lydia nìkan ló bú sẹ́rìn-ín. Irú ohùn yẹn, òun náà ní in. Láti kékeré ló ti fi ń lé ọ̀bọ kúrò nídìí kòkó. Á fà á láti ìsàlẹ̀ ikùn, ọ̀bọ á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àmọ́ tó bá dé àárín ẹgbẹ́ akọrin, ohùn tín-ín-rín ló ń lò, bó ṣe yẹ ọmọ bàbá ìjọ.

Àsìkò sọ́jà ni. Wọ́n ti fagi lé ìbò, gbogbo nǹkan gbówó lórí, ẹnu ò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí ojú ń rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn á sọ tàwọn nínú orin. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń lo bátìrì mọ́tò, wọ́n so gìtá mọ́ ọn. Saheed kó agolo kẹrosíìnì, ó fi ṣe ìlù. Wọ́n wá bẹ Àyànlọ́wọ̀ kó yá wọn ní ahéré rẹ̀ tó jìnnà sílé.

“Ẹ ṣáà má tẹ kòkó mi mọ́lẹ̀,” ni gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ibẹ̀ ni Lydia ti bú orin náà, wọ́n sì fi rédíò gbà á sílẹ̀.

Gàzálì, tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ ní gáréèjì, bá wọn da ọgbọ̀n kọ. Wọn ò kọ orúkọ ara wọn sí i, nítorí ẹ̀rù sọ́jà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti òyìnbó ọ̀rẹ́ Fẹ́mi, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, Fẹ́mi sì ní kásẹ́ẹ̀tì tí kò bá ní èyí ò tíì pé. Ó mú báírò, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo ọgbọ̀n: A gbà á sílẹ̀ ní oko Àyànlọ́wọ̀, ọ̀nà Araromi-Obu. Ọlọ́gbọ́n ayé! Ó fi orúkọ tirẹ̀ pamọ́, ó wá gbé ti ẹni ẹlẹ́ni sójú pópó.

Wọ́n tà á ní gáréèjì. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn èrò ọkọ̀ fi ń sọ ọ́ ní Ore pé ẹnì kan lọ gba ohùn iwin sílẹ̀ ní oko àlejò kan. Ìròyìn ò ní ẹsẹ̀, ó dé Ajue. Bàbá Lydia náà wá ọ̀kan, ó fi sínú rédíò ní pálọ̀. Lydia ló ń gbé omi bọ̀ fún un. Nígbà tó gbọ́ ara rẹ̀ nínú rédíò, omi dà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàbá.

“Má bẹ̀rù, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “Ẹ̀mí yìí ò lè dé ilé wa.”

Ẹ gbọ́ o! Ilé tí ẹ̀mí náà ti ń jẹun láti ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti bí i!

Lydia sáré lọ bá Fẹ́mi. Fẹ́mi ti sá gba Òkìtìpupa lọ. Ó lọ bá Saheed nídìí táyà.

“Tá a bá jẹ́wọ́, wọ́n á bi wá pé kí la sọ nínú orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé wọn yẹn,” ni Saheed wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ìsọ̀ mélòó kan ló wà láàárín àwa àti sọ́jà. Ta ló fẹ́ kú?”

Ohun tí kò jẹ́ kí Lydia sùn nìyẹn. Tó bá dákẹ́, Àyànlọ́wọ̀ gbé. Tó bá sọ̀rọ̀, òun gbé, bóyá bàbá rẹ̀ náà.

Ìsìn parí, kò sẹ́ni tó lọ sílé. Àyànlọ́wọ̀ dúró níwájú pẹpẹ, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Wọ́n tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Bí ohùn yẹn ṣe bú jáde báyìí, àwọn obìnrin figbe ta: “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”

“Kí lo rí sọ sí i?” ni bàbá Lydia bi í.

Àyànlọ́wọ̀ wo Lydia lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wolẹ̀. Àlejò wo ló máa nàka sí ọmọ onílẹ̀? “Ẹ̀yin bàbá, mi ò mọ ẹ̀mí kankan,” ló wí. “Kòkó ni mo mọ̀.”

“Kó ẹrù rẹ lónìí,” ni bàbá Lydia wí.

Lydia ò mọ ìgbà tó dìde. “Bàbá mi, èmi ni. Èmi ni mo kọ orin yẹn.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní kí wọ́n bu omi fún un, pé ebi ló ń pa á. Lydia bá fa èémí sísàlẹ̀ ikùn, ó bú u. Àwọn ọmọdé bẹ́ sẹ́kún, bẹ́ǹṣì kan dojú dé. Bàbá rẹ̀ di ọwọ̀n mú.

“Lydia,” ló wí, “kí lò ń sọ nínú rẹ̀?”

Kò lè parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ó fi ohùn tín-ín-rín rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn:

“Ẹ ní ká ní sùúrù. Iyọ̀ wọ́n, a ní sùúrù. Ẹ fagi lé ìbò wa, a ní sùúrù. Ẹ fa Dúródọlá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Ore, ẹ gbé e lọ, a ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí sùúrù wa bá tán, ẹ̀yin oníbọn, ibo lẹ máa sá gbà?”

Ọmọ Ajue ni Dúródọlá. Láti ọjọ́ tí àwọn sọ́jà ti mú un, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń béèrè ẹni tí sọ́jà gbé, ó lè bá a lọ. Ìyá rẹ̀ wà ní ìjókòó kejì. Bàbá Lydia rìn lọ sí ojú fèrèsé, ó tì í. Ó ti èkejì.

“Ẹ̀mí ni,” ló wí. “Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀mí tó ń rìn kiri ni, kì í ṣe ti Àyànlọ́wọ̀. Àyànlọ́wọ̀, padà sí oko rẹ. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá wà nílé yín, ẹ kó o wá ká dáná sun ún. Ẹni tó bá ní ènìyàn ló kọ ọ́, ọmọ mi ló fẹ́ pa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni gbogbo wọn wí.

Lydia jókòó. Ó ti rò pé ayé òun ti parí. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sókè.

“Ìwọ ẹ̀mí burúkú tó wọ abúlé wa, má ṣe padà mọ́ láé!”

“Àmín!” Ti Lydia ló ròkè jù.

Ìyá Dúródọlá ò ṣe àmín. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

“Bàbá ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè ṣe àmín sí ìyẹn. Ẹ̀mí burúkú tí ẹ ń lé yẹn, ó pe orúkọ ọmọ mi. Ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run, ó di ọdún méjì, ta nínú yín ló pè é?”

Àmín gbẹ mọ́ Lydia lẹ́nu. Ìyá Dúródọlá ò jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.