Bàbá Tí Ikọ́ Rẹ̀ Ń Ṣílẹ̀kùn

Torí ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo ṣe lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe torí òkìkí. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ọṣẹ ti bó àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ débi pé ọkọ rẹ̀ ló ń bá a di okùn bàtà. Ẹ̀rọ yìí sì ni ẹ̀bùn ẹni tó bá borí nínú eré irọ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Eré náà kò le. Wàá kọ ọ́ sínú páálí bóyá irọ́ lo fẹ́ pa tàbí òótọ́ lo fẹ́ sọ, wàá wá sọ ọ́ jáde. Ẹni tó kọjú sí ọ á tẹ bọ́tìnnì: pupa ni irọ́, aláwọ̀ ewé ni òótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí dáadáa wo ni yóò pe arúgbó ní òpùrọ́?

Mo ní mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ojú odò bí ẹni ń lọ aṣọ rí, títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lọ́yà tó kọjú sí mi wo bọ́tìnnì pupa, ó wo ewú orí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, bóyá ẹ gbàgbé ni."

Atọ́kùn ètò ní, "Ọ̀gá lọ́yà, irọ́ ni àbí òótọ́?"

"Ìwọ náà lọ bi ìyá ẹ bẹ́ẹ̀!" Ó tẹ aláwọ̀ ewé. Báyìí ni mo ṣe dé ìpele ìkẹyìn.

Bàbá kan tó fi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin fẹ̀yìn tì ni mo bá níbẹ̀, ó sì dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló kù. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo gba ẹ̀rọ. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òfo ni.

Bàbá ní, "Mo gbé kọ́kọ́rọ́ mì lọ́mọdé. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti húkọ́, ilẹ̀kùn á ṣí."

Irọ́ ń rùn lára ọ̀rọ̀ náà bí ẹja ìjẹta. Ọmọ mi na ọwọ́ tó bó náà sókè láàárín èrò: "Ìyá, pupa! Pupa!" Ọwọ́ mi dé orí pupa, ó kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ẹ bá wa húkọ́ díẹ̀ ká rí i."

Bàbá húkọ́. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà! Obìnrin tó ń nulẹ̀ ló wọlé tòun ti korobá. Ni mo bá tẹ aláwọ̀ ewé.

Atọ́kùn gbé páálí sókè. "Irọ́ ni bàbá kọ síbí o! Màmá ti fìdí rẹmi!"

Bàbá fò dìde. "Irọ́ kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, bàbá."

"N kò tíì mọ̀ nígbà tí mo kọ ọ́ ni! Àbí o fẹ́ sọ pé ojú mi ń parọ́ fún mi?"

Atọ́kùn wo àwọn ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ń wo bàtà wọn. Kò sẹ́ni tó lè bá bàbá jiyàn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ fún mi.

Bí a ṣe ń jáde, bàbá ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń húkọ́ sí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì pa. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé omi dání.

"Bàbá, ó tó, ẹ jẹ́ ká lọlé."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ó ti fẹ́ ṣí!"

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi ní, "Ìyá, ẹ má tàn mí o. Ṣé ẹ gba bàbá yẹn gbọ́ ni?"

Mo ní, "Di ẹ̀rọ ẹ mú dáadáa. Kòtò pọ̀ lọ́nà yìí."