Ọ̀gá Ezron àti Orin tó Gé sí Wẹ́wẹ́

Ìbínú tó wà nínú Marvalyn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò ìrẹsì lé e lórí, á jinná, á tún jóná mọ́dìí. Ajá tó rí ojú ẹ̀ ní òkè Laventille, àtìgbà yẹn kò gbó mọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ajá náà.

Ọ̀rọ̀ ìlù páànù ni, ìlù tí wọ́n ń fi àgbá epo ṣe. Ọ̀tunla ni ìdíje ńlá, Ọ̀gá Ezron tó ń darí àwọn onílù báàsì, àwọn àgbá gàgàrà tó ń dún bí ààrá yẹn, sì ti bínú lọ sílé. Kí ló fà á? Ẹgbẹ́ ní kó má dá dúró síwájú gbogbo èèyàn lórí ìtàgé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ló bá ju ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ó wá mi wá. Ẹ ó sì kúnlẹ̀."

Wọn kì í kọ orin sílẹ̀ ńbẹ̀. Ẹni tó to orin á kọ́ àwọn olórí, olórí á wá kọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, láti etí bọ́ sọ́wọ́. Ẹni tó to tọdún yìí sì ti wọkọ̀ ojú omi lọ erékùṣù Tobago, ó ń to ti ẹgbẹ́ míì. Orí Ezron nìkan ni gbogbo báàsì wá wà. Ohun tó ṣe lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn: báàsì dákẹ́ láàárín orin, wọ́n gbẹ́yìn pátápátá. Títí di Ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n fi ń fi Marvalyn ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jà ẹja. Ó búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lu apá tó le yẹn," ó sọ fún Dexroy àti Tenisha, àwọn tí wọ́n jọ ń lu báàsì. "Mo mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan lọ̀gá fi kọ́."

"Ìwọ nìkan kẹ̀?" Dexroy rẹ́rìn-ín. "Èmi ló fi kọ́ jàre. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ féèyàn."

"Háà," Tenisha ní, "bó ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn."

Wọ́n lù ú. Ìbẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Marvalyn. Àárín ni ti Dexroy. Ìrù ni ti Tenisha.

"Ọkùnrin yìí gé orin fún wa bí ẹni gé búrẹ́dì!" Marvalyn ké, máńgòrò tí ò tíì pọ́n já bọ́ lórí igi. "Ká má bàa lè ṣe nǹkan kan láìsí òun!"

"Rọra o, Marvalyn. Ìlù á bẹ́," Dexroy ní.

"Má sọ pé kí n rọra! Mú tìẹ wá, ká so ó pọ̀."

Wọ́n so ó. Àkọ́kọ́ dún bí ewúrẹ́ tó já bọ́ láti orí òrùlé. Nígbà tó yá, ó ń dùn, àfi ibi tí ti Dexroy ti pàdé ti Tenisha: nǹkan kan sọnù níbẹ̀, wọ́n bá fi tara wọn dí i.

Ezron, tí ilé ẹ̀ ò jìnnà, ti wá fẹ̀yìn ti géètì àgbàlá tí wọ́n ti ń lùlù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ ti fẹ́ kúnlẹ̀ ni?"

Marvalyn ò wo ibi tó wà. "Ẹ tún un lù."

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n dí yẹn, ojú bàbá náà fún pọ̀ bí ẹni jẹ orógbó tó bàjẹ́. "Ìranù wo nìyẹn?"

"Tiwa ni. Òun la ń gbé lọ ní Sátidé."

"Èmi ni wọ́n máa bú!"

"Kí wọ́n bú yín dáadáa. Àwa ni wọ́n bú lọ́dún tó kọjá. Ẹ tún un lù!"

Ó bínú jáde. Ó dé títì, ìlù náà tún dé ibi burúkú yẹn. Ó padà. Ó tún lọ. Wọ́n tún lù ú. Ló bá sáré wọlé bí ẹni tí oyin ń lé.

"Kúrò ńbẹ̀!" Ó ti Dexroy, ó já ọ̀pá gbà, ó lu gbogbo ẹ̀ láti orí dé ìrù, ilẹ̀ Laventille mì dé etí òkun. Nígbà tó parí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń retí àtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

"A ò rí ọwọ́ yín dáadáa," Marvalyn ní. "Ẹ tún un lù, ẹ rọra. Gbogbo ẹ̀yin onílù báàsì, ẹ sún mọ́ ọn."

"Ọmọ yìí, o ò mọ àgbà."

"Mo mọ̀ yín, Ọ̀gá. Ìdí tí mo fi ní kí gbogbo wọn sún mọ́ ọn nìyẹn."

Ezron pòṣé. Ó wo géètì. Ó tún wo àwọn ìlù. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí, díẹ̀díẹ̀.