Ìtọ̀ Ológbò Nínú Ọtí Lambert

"Ta ló jẹ́ kí ológbò wọlé?"

Nesta dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì.

Lambert Sugden ọkọ rẹ̀ wà nídìí fèrèsé. Ó gbé gíláàsì bíà sókè sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ó di ojú kan, ó ń fi èkejì wò ó bí ẹni tó ń wo òkúta iyebíye. Àwọ̀ wúrà ni. Kò sí pàǹtí kankan nínú rẹ̀, ìfóòfó orí rẹ̀ sì funfun bí irun àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ku wákàtí méjì kí ó gbé ìgò kan nínú rẹ̀ lọ síbi ìdíje ìkórè ní gbọ̀ngán abúlé Oxenclough, ó sì ti ń kọ́ irú ojú tí yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá fi káàdì pupa, ìyẹn ti ipò kìíní, síwájú ìgò náà: ojú ẹni tí kò retí rẹ̀ rárá.

"Ológbò wo? A ò ní ológbò."

"Mo mọ̀ pé a ò ní ológbò. Mo ní ta ló jẹ́ kó wọlé? Ó ti tọ̀ síbì kan. Mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó nàró. Lambert rọra gbé gíláàsì sílẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ẹni tí ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ó ti tó ọdún méjì tí Nesta kò ti gbọ́ òórùn ohunkóhun. Ikọ́ kan ló mú un nígbà òtútù, ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí yóò sì fi dìde, ikọ́ ti lọ, ó ti gbé imú rẹ̀ dání lọ. Wàrà bàjẹ́, kò mọ̀. Búrẹ́dì jóná di èédú lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀. Wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn tuntun lé e lọ́wọ́, ó fi imú kan àwùjẹ̀ ọmọ náà, ó fà á, ó tún fà á, ó sì dá a padà fún ìyá rẹ̀. Dókítà ní ó lè padà, ó lè má padà. Bí yóò bá sì padà, ó lè kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, kí kọfí máa rùn bí táyà tó ń jó, kí òdòdó rósì máa rùn bí òkú eku. Nínú oṣù kẹfà, Nesta sáré jáde nínú ilé pé nǹkan ń jó. Kò sí ohun tó ń jó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún, ó sì ní kí Lambert má bá òun sọ̀rọ̀ imú mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Nesta ni imú ilé náà tẹ́lẹ̀. Lambert ló ń pọntí, gbogbo Oxenclough ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé imú Lambert kò wúlò ju ibi tí awò ojú ń jókòó sí lọ. Nesta ni yóò fi imú kan gíláàsì, tí yóò ní, "Bọ́tà ń rùn níbẹ̀. Ó tutù jù fún yíìsì, kò ráyè parí iṣẹ́ ẹ̀." Tàbí, "Ápù tútù. Ojú ń kán ẹ jù, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i." Lambert yóò wá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ apọntí, yóò na ìka kan sókè bó ti ń ṣe nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, yóò ní, "Ní tèmi o, bọ́tà ni mo kọ́kọ́ gbọ́."

Láti ìgbà tí imú ti lọ, ó ń dá a ṣe. Ó sì ń fi họ́ọ̀pù kún un. Họ́ọ̀pù ni òdòdó aláwọ̀ ewé tó ń fún bíà ní ìkorò, tó tún ń fún un ní òórùn igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń lò tẹ́lẹ̀. Ó di méjì, ó di mẹ́rin. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, odidi àpò ló dà lé e lórí lẹ́yìn tó hó tán. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọtí Sugden ti di igbó tí wọ́n ń fi àdá ṣán ọ̀nà kọjá nínú rẹ̀. Ó ní ojú wọn ni kò là. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bí ènìyàn bá ń pe ẹni tí etí rẹ̀ di, ohùn ló ń gbé sókè.

"Má dá mi lóhùn," Nesta ní. Ó ti yí padà sí ìkòkò tíì. "Ó tún ti ń ṣe mí ni. Bíi ti oṣù kẹfà."

Ó yẹ kí Lambert dì mọ́ ọn. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Imú ẹ ló ń tàn ẹ́. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọtí yìí."

Nesta wẹ̀yìn. "Mi ò tíì dárúkọ ọtí."

Ojú ti Lambert. Ó wo gíláàsì náà. Nígbà tí ọtí yìí dákẹ́ lọ́jọ́ kẹrin, tí kò hó mọ́, tó ṣì ń dùn bí omi ṣúgà, òun ló fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé garawa rẹ̀, tó rọra ń mì ín kí yíìsì tó sùn sí ìsàlẹ̀ lè jí, tó ń bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tó kọ oúnjẹ. Ó jí. Ó hó di ìparí. Lẹ́yìn irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá gbà pé ọmọ náà ń rùn?

"Gbé e wá," Nesta ní.

Ó fi imú kàn án. Orí rẹ̀ fò sẹ́yìn. "Yéè! Òun nìyí!" Ó sáré ṣí agolo kọfí, ó fi imú sí i. Ó ṣí fínígà. Ó gbé ọṣẹ. Ó gbé ọṣẹ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kò sí. Ológbò nìkan ni."

Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò lè rí irú èyí kó má ṣe ìdánwò. Lambert fi aṣọ ìnuwọ́ di Nesta lójú, ó to ife mẹ́ta: tíì, omi, bíà. Nesta na ọwọ́ sí bíà. Lambert pààrọ̀ ipò wọn. Nesta tún na ọwọ́ sí bíà. Nígbà kẹta, Lambert bu omi sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nesta gbọ́ èkínní, ó gbọ́ èkejì, ó gbọ́ ẹ̀kẹta. "Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, "oníjìbìtì ni ẹ́. Omi ni gbogbo ẹ̀."

Lambert bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó tú aṣọ ojú rẹ̀, Nesta kò rẹ́rìn-ín.

"Ó wà nínú ọtí yẹn lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n bóyá họ́ọ̀pù lásán ni, tó jẹ́ pé imú mi ló ń sọ ọ́ di ológbò. Dókítà sọ ọ́. Lambert, bó bá jẹ́ pé bí gbogbo nǹkan á ṣe máa rùn sí mi nìyẹn, òdòdó, oúnjẹ, orí ọmọ yẹn, kó kúkú máa lọ. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́." Ó ti gíláàsì náà sí i. "Gbọ́ ọ fúnra ẹ. Kí lo gbọ́?"

Lambert fà á símú títí èémí rẹ̀ fi bo awò ojú rẹ̀. Ó ṣí ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ igbó àti òjò. Ó pa á dé.

"Bíà."

"Bíà tó rí báwo?"

"Bíà, Nesta. Bíà lásán ni mo máa ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń pọntí."

"Mo mọ̀," Nesta ní, láìsí ẹ̀gàn kankan níbẹ̀. "Lọ kan ilẹ̀kùn Horace, kó bá wa gbọ́ ọ."

"Horace Barraclough? Ẹni tí a jọ ń díje? Kí n gbé ọtí mi lọ bá a ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, kí n ní, jọ̀wọ́, bá mi wò ó bóyá ìtọ̀ wà níbẹ̀?"

"Ta ló wá kù?"

Ẹnìkan ló kù. Ìyáàfin Hildred Womersley, adájọ́ bíà, tó ti fi ogójì ọdún tọ́ ọtí wò nílé iṣẹ́ ọtí kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, ohun tó kọ sábẹ́ ìgò bíà tí àlùfáà gbé wá díje ni pé, "Àwọn ìgbín inú ọgbà yóò fẹ́ràn rẹ̀."

Lambert gbé ìgò náà lọ, Nesta tẹ̀ lé e. Wọ́n gun òkè ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí gbọ̀ngán. Wọ́n ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá. Amúkùn-ún kúkú mọ ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Èwo nínú ọtí àti imú ni ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn? Bí ọtí bá dára, imú Nesta ló wọ́. Bí imú Nesta bá tọ́, ọtí ti bàjẹ́. Lambert gbé ẹsẹ̀ méje, mẹ́jọ, kó tó ṣàkíyèsí pé òun ń gbàdúrà, ohun tó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, Olúwa, jẹ́ kó ti bàjẹ́. Jẹ́ kó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ní ìloro gbọ̀ngán, Horace Barraclough ti dé pẹ̀lú ìgò dúdú tirẹ̀.

"Háà, ọ̀gá tíṣà! Ìgò funfun! Ìdí tábìlì wáìnì lò ń lọ ni?"

Àwọn oníwáìnì nìkan ni òfin ìdíje ní kí wọ́n lo ìgò funfun, kí adájọ́ lè rí àwọ̀. Lambert ti wo àwọ̀ ọtí rẹ̀, ó sì ti pinnu pé ìgò dúdú yóò fi ìyà jẹ aráyé. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni àwọn ìgò náà fi tò sójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, kí àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lè rí wúrà.

"Kò bẹ̀rù oòrùn?" Horace ní. "Wọ́n ní oòrùn àti họ́ọ̀pù kì í ṣọ̀rẹ́."

Bó bá jẹ́ àná ni, Lambert ìbá ti bi í pé oòrùn wo ló wà ní Oxenclough tí yóò pa nǹkan. Lónìí, ó di apá Horace mú. "Kí ló ń ṣe sí i?"

"Ó máa ń jẹ́ kó rùn."

"Kó rùn bíi kí ni?"

"Ẹ wo ọkùnrin yìí! Ṣé mo ti sá tèmi sóòrùn rí ni?"

Wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn kí àwọn adájọ́ lè ṣiṣẹ́ wọn. Títí di agogo méjì ọ̀sán, Nesta jókòó sórí ògiri òkúta níwájú gbọ̀ngán, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún bí aláìsàn tó ń dúró de èsì. Lambert ra búrẹ́dì oníwàràkàṣì fún un. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ páálí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Lambert ló kọ́kọ́ wọlé. Kò sí káàdì pupa níwájú ìgò rẹ̀. Kò sí káàdì kankan. Ìwé pélébé kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó gún régé:

*Àwọ̀ rẹ̀ dára púpọ̀. Òórùn rẹ̀: ìtọ̀ akọ ológbò. Oòrùn ló bà á jẹ́. Dà á nù.*

Horace, tó ṣe ipò kejì, ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti mú ojú ìbánikẹ́dùn wọ̀. "Má dà á láàmú, ọ̀rẹ́ mi. Obìnrin yẹn le jù —"

"Akọ ni!" Lambert kígbe. Gbogbo gbọ̀ngán yíjú. "Nesta! Akọ ológbò ni!"

Ó ti ń gba àárín èrò kọjá lọ bá Ìyáàfin Womersley. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọ̀gbẹ́ni Sugden, ẹ má bá mi jiyàn. Ogójì ọdún ni mo fi —"

"Mi ò jiyàn, mà. Ṣé ó dá yín lójú pátápátá? Kì í ṣe bí họ́ọ̀pù ṣe máa ń rùn nìyẹn?"

"Kí oòrùn tó dé bá a, họ́ọ̀pù ni. Ẹnikẹ́ni tí imú rẹ̀ bá pé yóò gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà."

Lambert fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń mì ín. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an ni." Ìyáàfin Womersley wo Nesta láti mọ̀ bóyá ara ọkùnrin náà yá.

Ṣùgbọ́n Nesta kò rí i. Ó ń ka ìwé pélébé náà. Ó kà á tán, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgò náà, ó fi imú sí ẹnu rẹ̀ láàárín gbogbo èrò, ó fà á títí dé ìsàlẹ̀ àyà. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, imú rẹ̀ súnkì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún fà á. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjá lọ síbi tábìlì alùbọ́sà, ó fi imú sí i. Ó lọ síbi òdòdó, ó fi imú sí i. Nígbà tó padà, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Alùbọ́sà kò tíì dé," ó ní. "Òdòdó náà kò tíì dé. Ológbò ló kọ́kọ́ dé."

Wọ́n jáde lọ jókòó sórí ògiri òkúta náà. Ọ̀yàyà ti mú Lambert, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì.

"Èyí tó ń bọ̀, ìgò dúdú ni. Inú àpótí ni n ó tọ́jú ẹ̀ sí. N ó sì fi họ́ọ̀pù kún un sí i, bó ti ń padà bọ̀ yìí, àpò kan ààbọ̀ —"

"Lambert."

"Hẹn?"

"Dín in kù."

"Ó pọ̀ jù?"

"Imú nìkan ló lọ," Nesta ní. "Ahọ́n mi ò lọ síbì kankan. Òórùn tó o ń sọ yẹn, mi ò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìkorò nìkan ló kù síbẹ̀ fún mi. Bí ẹni ń lá oògùn ibà. Oṣooṣù ló sì ń korò sí i."

Lambert yíjú sí i. "Kí ló wá dé tó ò sọ fún mi?"

Nesta tún aṣọ rẹ̀ ṣe lórí orúnkún. "Ṣé o rò pé mi ò mọ ẹni tó ò ń tìtorí ẹ̀ da gbogbo ẹ̀ síbẹ̀?"

Lambert wo ìsàlẹ̀ òkè, síbi tí òrùlé ilé wọn wà. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ gbogbo, lẹ́yìn oúnjẹ, bí Nesta ṣe máa ń gbé gíláàsì náà, tí yóò mu ún, tí kì í ṣẹ́ ẹ kù, tí yóò dojú gíláàsì dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Òun yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, yóò máa wo gíláàsì òfìfo náà.

Gbogbo ìgbà yẹn, ó rò pé ọtí ló dùn.