Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìtajà Ńlá

Ọ̀gá Ó-Tán là ń pe ọ̀gá wa lẹ́yìn, nítorí gbólóhùn yẹn ló fi ń pa gbogbo èèyàn lẹ́nu mọ́. Ọṣẹ ìfọṣọ là ń ṣe. Èmi ni mò ń lọ bi àwọn oníbàárà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nísàlẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ gbọọrọ. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ó sì ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń gbà síṣẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gá ní ká wádìí bóyá ká pa ọṣẹ gbọọrọ tì, ká máa ṣe lẹ́búlẹ́bú nìkan, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ó ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá, kí n bi igba èèyàn léèrè èyí tí wọ́n fẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni mo wí, "ẹ̀rọ ló ń fọṣọ fún àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Àwọn tó ń fọwọ́ fọ̀ ọ́ kì í débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wọ àdúgbò, ká kan ilẹ̀kùn kan, ká fo mẹ́rin, ká tún kan òmíràn. Ṣíbí kan tó láti fi tọ́ ọbẹ̀ wò, bí a bá ṣáà ti rò ó pọ̀."

"Ṣé igba ló kéré?"

"Rárá, sà, kì í ṣe iye wọn..."

"Bi ẹgbẹ̀rún. Bí ṣíbí ò bá tó, mú ìgbakọ. Ó tán."

Ẹni tó ń sanwó oṣù fúnni ò ṣe é bá jà. Mo lọ dúró síbi ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀, inú ń bí mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí oníbàárà. Obìnrin tó ń nulẹ̀ níbẹ̀ gbọ́ ìbéèrè mi, ló bá dáhùn láìjẹ́ pé mo bi í.

"Gbọọrọ lèmi ń lò o, àǹtí. Ó máa ń pẹ́ lọ́wọ́."

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti ní ẹni tó bá ra ọjà jáde nìkan ló kàn. N kò lè kà á mọ́ wọn.

Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kò fẹ́ ọṣẹ gbọọrọ. Nípàdé, Ọ̀gá ń yangàn. "Ká ní igba ni, n bá ṣiyèméjì. Ẹgbẹ̀rún rèé!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo nawọ́ sókè.

"Ṣebí ìwọ lo bi wọ́n? Ó tán."

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́, ìfófòó bò ó dé ìgúnpá. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń pa ọṣẹ gbọọrọ tì.

"Àwọn kan nísàlẹ̀ ń sọ pé irọ́ ni èsì ìwádìí náà," ó wí. "Mo ní rárá o, àbúrò mi ló béèrè, kì í parọ́. Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀."

Omijé bọ́ lójú mi. "Bọ̀ọ̀dá, wọn ò jẹ́ kí n bi irú yín kankan."

Ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Ẹgbẹ̀rún èèyàn! Kí ni irú tiwa fẹ́ fi kún un?"

Ó tún fi ọṣẹ gbọọrọ pa ọrùn aṣọ náà, ó sì ń bó o lọ.