Àkúdàáyà Ọjọ́bọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye èèyàn tó fẹ́ràn yín ní Bìní, ẹ ra tẹlifíṣàn. Lọ́dún kẹwàá tí ogun abẹ́lé parí, Ọláníkẹ́ aránṣọ àti Jayéọlá ọkọ rẹ̀ ra tiwọn, alápótí gìrìwò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n gbé e sí pálọ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀nà Sapele. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti ní pálọ̀ mọ́. Àwọn olówó tó ń gbé GRA, kálukú ló ní tiẹ̀. Ní àdúgbò tiwọn, ti Ọláníkẹ́ ni ti gbogbo ayé.

Ọjọ́bọ̀ ló wá burú jù. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe eré tuntun kan, ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ikú ò lè pa. Wọ́n á yìn ín níbọn, á ṣubú, ẹ̀jẹ̀ á bo ẹ̀wù rẹ̀. Kí ẹ tó bu omi mu, ó ti dìde, ó ń gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀ nù, ó ti ń wá ẹni tó yìn ín níbọn lọ. Ó ti lé ní igba ọdún láyé, irun funfun kan ò sì hù lórí rẹ̀. Bí àwọn ará ìlú kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó níwòkuwò pé ọkùnrin yìí ò dàgbà, á di báàgì rẹ̀, á gba ìlú mìíràn lọ, á yí orúkọ padà. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ta ló nílò ògbufọ̀ fún ìbọn?

Títíloyè onídìrí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló kọ́kọ́ la ẹnu sọ ohun tó dá wàhálà sílẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀ ń pè é ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́! Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilé ta ni? Àkúdàáyà ni ọkùnrin yìí!”

Bàbá Àbúdù, tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà Oliha, tó sì jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá àdúgbò, mi orí. “Ọ̀rọ̀ lo sọ yẹn o. Ẹni tó kú sílé, tí wọ́n sin, tó wá lọ ń gbé ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, á bímọ. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án báyìí, ó di àwátì.”

“Ẹ tiẹ̀ wò ó,” Títíloyè ní, ó ń rẹ́rìn-ín, “àwa tí a wà ní Bìní yìí, ta ló mọ ilé ẹnìkejì rẹ̀? Àfàìmọ̀ kí àkúdàáyà má ti pọ̀ láàárín wa!”

Ẹ̀rín sọ. Ọmọlará, ọmọ Ọláníkẹ́ àti Jayéọlá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó máa ń gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé píjìn ni ẹnu rẹ̀ mọ̀, fò sókè. “Daddy, you see am? E no fit die!”

Jayéọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, tíì dà sórí tábìlì. Ó ní ooru ń mú òun, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, kò sì padà wọlé títí eré fi parí. Ọláníkẹ́ fi aṣọ nu tábìlì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Bí obìnrin bá ń ronú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rántí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọláníkẹ́ rántí. Bí Jayéọlá ṣe dé Bìní lẹ́yìn ogun tòun ti báàgì kan ṣoṣo. Bó ṣe ní ọmọ Ìkirun lòun, àmọ́ bàbá òun ti kú, ìyá òun ti kú, òun ò ní ẹnìkan mọ́. Bó ṣe jẹ́ pé lọ́jọ́ ìdána wọn, Bàbá Àbúdù ló dúró bí ẹbí ọkọ, torí ẹnikẹ́ni ò ti ilé wá. Bí kò ṣe mú òun dé Ìkirun rí, ì báà jẹ́ ní Kérésì. Bó ṣe máa ń sá fún ìpàdé nígbàkigbà tí àlejò tuntun bá wọ ẹgbẹ́. Àti àpá yẹn, àpá ìbọn tó wà lábẹ́ ọmú òsì, tó ní òun ò fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Kí ìbọn wọ ibẹ̀ yẹn lára èèyàn, kí ló tún kù?

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ó ń wò ó bó ṣe ń jẹun. Ó jẹun. Ó ń wò ó bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ó làágùn, òógùn náà sì ń rùn. Ibà mú un, ó ń kérora bí ọmọdé nítorí oògùn kíkorò. Gbogbo èyí ì bá tu Ọláníkẹ́ nínú, àfi pé Títíloyè ti ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ibà gan-an ń mú wọn, ọjọ́ tí ará ilé bá dé nìkan ni àṣírí ń tú. Títíloyè kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù òkú ń ba Ọláníkẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ya ara rẹ̀ lẹ́nu. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ilẹ̀ lè mọ́ lọ́jọ́ kan kí ọkùnrin náà má sí níbẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, ì báà jẹ́ alààyè, ì báà jẹ́ òmíràn.

Ọjọ́bọ̀ mìíràn tún dé. Bí pálọ̀ ṣe kún, Bàbá Àbúdù ní òun ní ìròyìn ayọ̀. “Jayéọlá, ará ilé rẹ dé o! Ọmọ Ìkirun kan, Èṣùbíyì, ó ń lẹ táyà lójú ọ̀nà Sapele níwájú níbẹ̀. Mi ò tíì dárúkọ rẹ fún un, mo kàn ní kó wá kí ará ilé rẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” Jayéọlá fèsì. Kíá ló ti dìde, ó tún gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bí Ọláníkẹ́ ṣe ń gbálẹ̀ yàrá, ìgbálẹ̀ kan nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báàgì ọjọ́sí ni. Ó gbé e, ó wúwo. Ẹ̀wù méjì, ṣòkòtò, bàtà, abẹ ìfárùngbọ̀n. Ọláníkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Irú báàgì tí ọkùnrin inú tẹlifíṣàn máa ń dì kó tó gba ìlú mìíràn lọ nìyí.

Ó sunkún, ó sunkún tó. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó nu ojú. Ó ní bó bá jẹ́ pé yóò lọ, kó lọ lójú òun. Òun ò ní í jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n máa bi òun pé ọkọ òun dà. Ó gbéra, ó lọ bá Èṣùbíyì níbi tó ti ń lẹ táyà, ó ní kó wá bá àwọn wo eré ní Ọjọ́bọ̀, àwọn á dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún un. Orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò dá. Ó délé, ó wá sọ fún Jayéọlá pé ará ilé rẹ̀ ti gba Warri lọ ra táyà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irọ́ funfun báláú. Jayéọlá mí kanlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, gbogbo wọn pé. Ọmọlará jókòó sílẹ̀ níwájú pátápátá, Títíloyè wà lórí bẹ́ǹṣì, Jayéọlá wà lórí àga rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Ọláníkẹ́ gbé àwo ọ̀jọ̀jọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e, ó tún gbé e kalẹ̀. Nínú tẹlifíṣàn, ìyá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà lójú ọ̀nà, ó ń na ìka sí i.

“Ó mọ̀ ọ́n! Ìyá yẹn mọ̀ ọ́n nígbà èwe!” Títíloyè lọgun. “Ó bọ́ sọ́wọ́ lónìí!”

Ọláníkẹ́ ronú pé bóyá kí òun sáré lọ ti ilẹ̀kùn. Ó kábàámọ̀ gbogbo ohun tó ti ṣe. Ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ.

“Ẹ kú ìjókòó o.” Èṣùbíyì ti yọ lẹ́nu ọ̀nà.

Jayéọlá gbójú sókè. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Èṣùbíyì figbe ta.

“Yéè! Jayéọlá ilé Alágbẹ̀dẹ! Ẹ gbà mí o! A ti sin ọkùnrin yìí!”

Háà, ẹ ò sí níbẹ̀! Bẹ́ǹṣì ń ṣubú lu bẹ́ǹṣì. Títíloyè gba ojú fèrèsé jáde, ó gbàgbé pé òun sanra. Bàbá Àbúdù, tó ní òun ò bẹ̀rù ohunkóhun lẹ́yìn Ọlọ́run, fi fìlà àti bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tí ariwo fi máa rọlẹ̀, àga Jayéọlá ti ṣófo.

“Ó ti di àwátì!” Títíloyè ń ké níta. “Mo sọ ọ́! Ṣé mi ò sọ ọ́?”

Èṣùbíyì ò ráyè sá. Ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Ọláníkẹ́ fi ọ̀rùn ẹ̀wù fà á.

“Ẹ ní ẹ sin ín. Ṣé ojú yín ló ṣe?”

“Ojú mi ló ṣe, màmá. Àárín ogun ni. Gbogbo àdúgbò ló sunkún. Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n ṣú Morọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ lópó fún àbúrò rẹ̀. Ó ti bímọ mẹ́rin fún un.”

Ìyàwó! Ọ̀rọ̀ náà gún Ọláníkẹ́, ṣùgbọ́n kò ráyè ìyẹn. “Òkú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ rí òkú rẹ̀?”

“Òkú wo? Ṣé ogun ń dá òkú padà ni? Sójà kan ló mú ìròyìn wá. Aṣọ rẹ̀ la dì, la sin. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò sunkún. Ó ní aṣọ kọ́ lòun bí. Títí di òní, bó bá se oúnjẹ, ó ń bu ti Jayéọlá sọ́tọ̀. Gbogbo wa ló ní orí ìyá náà ti dàrú.”

“Títí di òní? Ìyá rẹ̀ wà láyé?”

“Ó wà mà.”

Ọláníkẹ́ fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Ó sáré wọ yàrá, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báàgì ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Àkúdàáyà wo ló ń gbé abẹ ìfárùngbọ̀n lọ? Ìbínú wá gbé e, irú èyí tí kò ní rí rí, ó sì gba ojú ọ̀nà Sapele lọ láìwọ bàtà.

Ní etí títì níbẹ̀, ọmọ ọkọ̀ kan ń pe èrò, “Sapele, Warri! Sapele, Warri! One more!” Ọláníkẹ́ yọjú sínú ọkọ̀. Jayéọlá wà lẹ́yìn pátápátá, ó fa fìlà bo ojú, báàgì wà lórí itan rẹ̀.

“Bàbá Ọmọlará, ẹ bọ́ọ́lẹ̀.”

“Ọláníkẹ́.” Kò ṣí fìlà. “O ti gbọ́. Ẹ̀rù ò bà ọ́?”

“Ẹ ti san owó ọkọ̀?”

“Mo ti san.”

“Òkú wo ló ń san owó ọkọ̀? Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, kí n tó wọlé wá bá yín!”

Àwọn èrò wo ẹ̀yìn. Obìnrin kan gbé àpò rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jayéọlá kíá. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó dúró lẹ́bàá gọ́tà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

“Ìbọn bà mí lójú ogun, wọ́n fi mí sílẹ̀ bí òkú. Mo délé lẹ́yìn ogun,” ó ní. “Ìrọ̀lẹ́ bí irú èyí ni. Mo dúró lẹ́yìn ilé. Morọ́láyọ̀ pọn ọmọ, àbúrò mi ń bá a gún iyán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bi ara mi pé, bí mo bá wọlé, ta ni yóò jáde? Ọláníkẹ́, wọ́n ti sunkún mi tán. Mo padà.”

“Ẹ wá ní ìyá yín ti kú.”

“Èmi ni mo fẹnu ara mi pa á, kí n má bàa máa rò ó.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ìgbà tí mo wá ń rí ọkùnrin inú tẹlifíṣàn yẹn, tó ń di báàgì kiri, ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ti mọ̀ mí. Títíloyè ní àkúdàáyà. Kò parọ́.”

“Ó parọ́! Irọ́ ló pa!” Ọláníkẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ lu àyà rẹ̀, níbi àpá yẹn gan-an. “Ọkàn tó ń lù níbí, ṣé ti òkú ni? Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ ò sọ fún mi, ẹ wá fi mí sílẹ̀ kí n máa bẹ̀rù òjìji! Ìyá yín ò gbà pé ẹ kú. Èṣùbíyì ní aṣọ ni wọ́n sin, ìyá yín ní aṣọ kọ́ lòun bí. Ó ń bu oúnjẹ yín sọ́tọ̀ títí di òní olónìí.”

Jayéọlá jókòó sí etí gọ́tà, ó gbé orí lé orúnkún, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọmọ ọkọ̀ ní ṣé ó ṣì ń lọ ni àbí kò lọ mọ́.

“Kò lọ mọ́,” Ọláníkẹ́ dá a lóhùn.

“Morọ́láyọ̀ ńkọ́?” Jayéọlá bi í, kò gbójú sókè.

“Morọ́láyọ̀ ti ní ọkọ. Ẹ̀yin náà ti ní ìyàwó. Ẹ̀ ń lọ kí wọn ni, ẹ ò lọ gbé níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò jáde.”

Wọ́n jọ padà, Ọláníkẹ́ ló gbé báàgì. Nígbà tí wọ́n yà sí àdúgbò wọn, àwọn tó kóra jọ síta tún fọ́nká. Títíloyè ké, “Ó ti padà o!” ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn Bàbá Àbúdù, tí òun náà ń fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ọláníkẹ́ ń bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ mìíràn ń bọ̀ tí yóò dá wọn lóhùn dáadáa.

Nínú pálọ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì ló dojú dé. Ọmọlará nìkan ló ṣì jókòó síwájú tẹlifíṣàn, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ojú rẹ̀ pọ́n. Eré ti ń parí lọ.

“Daddy, e don carry bag go another town,” ó ní, kò yí ojú kúrò níbẹ̀. “E no tell anybody bye-bye.”

Jayéọlá gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó sì jókòó tì í.

“Èmi ò lọ,” ó ní. “Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wa la jọ máa lọ kí màmá àgbà rẹ ní Ìkirun.”

Ọmọlará wò ó. “I get grandma?”

“O ní màmá àgbà. Ó ti ń bu oúnjẹ dè wá láti ọjọ́ yìí.”